Òpópónà mẹ́ta ní Chicago: èwo la ó ti náwó fún àwọn oníṣòwò Látínò?

Bí ẹ bá ní kí ará Chicago júwe ọjà àwọn Látínò fún yín, òpópónà mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: 26th Street ní La Villita, tí wọ́n tún ń pè ní Little Village, 18th Street ní Pilsen, àti Division Street lẹ́bàá Humboldt Park, tí wọ́n sọ ní Paseo Boricua. Àlejò a máa rò pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé èyí tó bá sún mọ́ òun ni kí òun yà sí. Ẹni tó bá fi èrò yẹn wá mofongo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tí wọ́n gún, lọ sí 26th Street á rìn títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ẹni tó bá sì wá masa tútù, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tortilla, lọ sí Division, ìyẹ̀fun inú àpò ló máa gbé bọ̀. Nǹkan tí ẹ fẹ́ rà ni kó yan òpópónà fún yín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ká kọ́kọ́ yanjú. Hispanic ni ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì. Látínò ni ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti Látìn Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ará Bràsíìlì fi lè jẹ́ Látínò láì jẹ́ Hispanic. Latinx ni àwọn kan ń kọ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa ya akọ àti abo sọ́tọ̀, àmọ́ inú ìwé yunifásítì lẹ óò ti rí i ju ẹnu alápatà lọ. Lẹ́nu àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù, Mexicano tàbí Boricua lẹ óò gbọ́. Ará Mẹ́síkò ló pọ̀ jù lórí 26th àti 18th, ará Puerto Rico, ìyẹn àwọn Boricua, ló ni Division. Ẹ má pe Boricua ní ará Mẹ́síkò o. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe ọmọ Ìjẹ̀bú ní ará Kánò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti 1917 ni àwọn ará Puerto Rico ti jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kì í sì í dùn mọ́ wọn.

Bí òpópónà kọ̀ọ̀kan ṣe rí

26th Street ni ọjà gidi. Géètì ńlá kan tí wọ́n mọ tẹ̀ bí ọrun ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n kọ Bienvenidos a Little Village sí i lára. Ààrẹ Mẹ́síkò ló fi aago ara géètì náà ta ìlú lọ́rẹ ní 1991. Láti ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìsọ̀ lórí ìsọ̀ ni fún bíi máìlì méjì: aṣọ, wúrà, bàtà gígùn àti fìlà ẹlẹ́ṣin, ẹran, búrẹ́dì, ilé ìfowóránṣẹ́. Àwọn tó ń rajà níbẹ̀ ń gbé àdúgbò náà, tàbí kí wọ́n wakọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ tó múlé ti Illinois, nítorí náà ọjà ibẹ̀ kì í ṣe ọjà àfihàn fún àlejò. Bọ́ọ̀sì 60 ló ń gba orí títì náà gan-an. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin Pink Line, ẹ sọ̀ ní Kedzie tàbí Central Park, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn sí gúúsù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù kìíní ọdún, nínú òtútù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kì í ṣe eré. Ẹ dúró de bọ́ọ̀sì.

18th Street kúrú, ó sì rọrùn jù láti fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ Pink Line ní ibùdó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 18th, àwòrán ló kún ara ògiri àti àtẹ̀gùn ibùdó náà látòkè délẹ̀. Àwọn ará Czech ló sọ àdúgbò náà ní Pilsen. Àwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ síbẹ̀ nígbà tí kíkọ́ ọgbà yunifásítì ìpínlẹ̀ lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò ní Near West Side láti nǹkan bí 1960 lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Mẹ́síkò, National Museum of Mexican Art, wà ní 19th Street, kò ju òpópónà kan lọ sí 18th. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀ sì ń ta iṣẹ́ ọwọ́ tó ti Mẹ́síkò wá. Àmọ́ owó ilé ti lọ sókè gan-an ní Pilsen. Ilé kọfí àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkìrìkà olówó iyebíye ti gba ojú ìsọ̀ púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹ gbà pé Látínò ló ni gbogbo ilẹ̀kùn tó bá ní àwòrán Frida Kahlo, ayàwòrán Mẹ́síkò tó gbajúmọ̀.

Division ló kéré jù. Àsíá Puerto Rico méjì tí wọ́n fi irin ṣe ló dá a láàlà, ọ̀kan nítòsí Western, èkejì nítòsí California, ìdajì máìlì péré láàárín wọn. Wọ́n gbé wọn dúró ní 1995. Gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 59, wọ́n sì gùn kọjá lórí títì débi pé abẹ́ àsíá ni mọ́tò ń gbà kọjá. Bọ́ọ̀sì 70 ló ń dé ibẹ̀. Ìsọ̀ kò pọ̀. Oúnjẹ lẹ ń lọ jẹ níbẹ̀, àti oríṣi nǹkan díẹ̀ tí ẹ ò ní rí ní ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ohun méjì

Sípáníìṣì tí wọ́n ń sọ lórí 26th àti 18th yàtọ̀ sí ti Division bí Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó dé iwájú káńtà:

| Ohun tí ẹ ń wá | 26th àti 18th | Division |
|---|---|---|
| ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà | plátano macho | plátano |
| ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ | plátano | guineo |
| ọ̀dùnkún | camote | batata |
| kókò | malanga | yautía |
| ẹ̀wà | frijoles | habichuelas |
| ọsàn mímu | naranja | china |
| ṣàkì | panza, pancita | mondongo |

Ẹni tó bá sọ pé plátano lásán lórí 26th Street, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa gbé fún un. Bọ́kọ̀tọ̀ ni pata de res. Ẹ fi res yẹn kún un, nítorí patas tàbí patitas nìkan lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ ní kí alápatà fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́, ọ̀fẹ́ ni: «cortada, por favor». Yuca ni gbágùúdá níbi gbogbo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ti fi ìda bò ó kó má bàa tètè bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́nu kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú nínú funfun rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Iṣu gidi, ñame ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn Boricua ló sì wọ́pọ̀ sí.

Ata ni ìdẹkùn tó dùn jù. Habanero tí ẹ óò rí lórí 26th, ìran kan náà ni òun àti ata rodo, ẹ lè fi í se ọbẹ̀ láì ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Boricua, ata kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ají dulce: ó rí bí ata rodo, ó ní òórùn ata rodo, kò sì ta rárá. Inú sofrito, àdàlù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀, ni wọ́n ń fi í sí, pẹ̀lú áyù, àlùbọ́sà àti ewé recao. Ẹni tó bá rà á fún ọbẹ̀ ata á ní òórùn láì ní ìbínú.

Masa àti tamales: 26th Street ni

Masa ni 26th Street fi ju àwọn yòókù lọ. Àgbàdo ni. Wọ́n á sè é pẹ̀lú cal, ìyẹn ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú nínú omi náà, èèpo ara rẹ̀ á bọ́, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ ògì á ní òun mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ògì gbọ́dọ̀ kan, masa ò gbọdọ̀ kan. Ògì la ń sẹ́ tí èérí ń jáde, wọn kì í sẹ́ masa. Cal yẹn ló ń jẹ́ kó fà mọ́ra tó fi ṣeé tẹ̀ pẹlẹbẹ láì fọ́, ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun àgbàdo lásán kò fi lè di tortilla bó ti wù kí ẹ pò ó tó.

Irú méjì ni wọ́n ń tà, oníbàárà tuntun sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Masa sin preparar ni àgbàdo lásán, òun ni ti tortilla. Masa preparada ti ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti iyọ̀ nínú, òun ni ti tamales. Bí ẹ bá fi preparada ṣe tortilla, á yọ́ sórí àwo, á sì fà ya nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i. Páùn kan, tó dín díẹ̀ ní ìdajì kílò, á fún yín ní tortilla kékeré bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ bá ń bu nǹkan bí gíráàmù 30 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀rá náílọ́nù sí òkè àti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí etí rẹ̀ bá ń sán, omi ò tó. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ náílọ́nù, omi ti pọ̀ jù. Ẹ lo masa lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bó bá di ọjọ́ kejì nínú fìríìjì, ó ti máa ń fẹ́ kan.

Ẹni tí kò ní àyè wàhálà yẹn, kó ra tortilla tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ El Milagro, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù ní Chicago. Ó ti kúrò ní òwò kékeré báyìí, ṣùgbọ́n ẹ lè fi tortilla tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún tàwọn kéékèèké. Bó bá ṣì gbóná, ẹ má di ẹnu ọ̀rá. Ó máa làágùn, gbogbo rẹ̀ á sì lẹ̀ pọ̀ di odidi kan kí ẹ tó délé.

Tamales, àárọ̀ kùtùkùtù ni. Àwọn tó ń tà á máa ń dúró létí títì pẹ̀lú kúlà tí wọ́n fi aṣọ bò, ọ̀pọ̀ wọn sì ti máa ń palẹ̀ mọ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹ wò ó bí mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi àgbàdo ṣe: háríhá àgbàdo ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ooru omi ló ń sè é, ẹran tàbí wàràkàṣì ló sì wà láàárín. Rojo sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ata pupa gbígbẹ, verde sábà máa ń jẹ́ adìyẹ pẹ̀lú ata tútù, rajas con queso ni ata àti wàràkàṣì. Bí háríhá bá bọ́ kúrò lára rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ti jinná. Bó bá ń lẹ̀, ìyá oníṣẹ́ kánjú. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná padà nínú ooru omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún pẹ̀lú háríhá rẹ̀ lára. Ẹ bèèrè champurrado pẹ̀lú rẹ̀. Ògì ni wọ́n dà chocolate sí, àyàfi pé kò kan, ó sì ki.

Ẹran: 18th fún carnitas, 26th fún ẹran tútù

Carnitas ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá ara rẹ̀ sè jẹ́jẹ́ nínú agbada ńlá títí á fi rọ̀ nínú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n. Carnitas Uruapan ti ń tà á lórí 18th Street láti 1975. Òṣùwọ̀n páùn ni wọ́n ń lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ apá tí ẹ fẹ́. Maciza ni ẹran gidi tí kò lọ́ràá púpọ̀. Costilla ni ìhà. Cueritos ni awọ, ẹni tó fẹ́ràn pọ̀nmọ́ rírọ̀ á mọ̀ pé òun ti délé. Buche ni àpòlúkù. Surtida ni kí wọ́n bu gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun lẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń bèèrè, nítorí maciza nìkan lè gbẹ. Páùn kan tó ènìyàn méjì dáadáa pẹ̀lú tortilla, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́. Sátidé àti Sunday ni agbada ń gbóná jù, ìlà náà sì ń gùn jù; lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, àwọn apá kan lè ti tán.

Ẹran tútù ńkọ́? Ẹ padà sí 26th. Nínú carnicería, ìyẹn ìsọ̀ alápatà, ẹ óò rí ẹran kan náà ní irú méjì: natural àti preparada. Preparada ti wà nínú ata, ọsàn àti àlùbọ́sà, ìwọ̀n omi yẹn sì wà lára ohun tí ẹ ń sanwó fún. Fún ọbẹ̀ wa, natural ni kí ẹ rà. Ẹ wo àwọ̀ ẹran lábẹ́ iná mìíràn tó bá ṣeé ṣe, nítorí iná pupa inú àpótí gíláàsì máa ń jẹ́ kí ẹran àná dà bíi tòní.

Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, manteca, máa ń fara pamọ́: ó lè wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n gún, nínú tortilla ìyẹ̀fun funfun, nínú tamal tí wọ́n ní wàràkàṣì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni «¿Lleva manteca?» Bí ẹ bá kàn bèèrè bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n lè sọ pé rárá, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ọ̀rá kì í ṣe ẹran lójú wọn. Lórí Division, ìrẹsì pẹ̀lú gandules, ìyẹn òtílí, sábà máa ń ní ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀, mofongo sì sábà máa ń ní chicharrón, awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín, tí wọ́n gún mọ́ ọn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Division, kò sí àríyànjiyàn

Jibarito ni oúnjẹ tí Chicago fi ń yangàn. Juan Figueroa ló gbé e jáde ní 1996 ní ilé oúnjẹ rẹ̀ tó wà ní Humboldt Park, Borinquen, tí wọ́n ti tì báyìí. Dípò búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ni: wọ́n á là á sí méjì ní gígùn, wọ́n á dín in díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún un dín títí á fi le, wọ́n á wá fi ẹran màlúù, ewé, tòmátì àti màyọ́nésì sáàárín, áyù á sì dé e lórí. Ẹ jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá dì í lọ sílé, láàárín ìdajì wákàtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ á le bí pátákó, ewé inú á sì ti rọ. Ilé oúnjẹ tí ó bá gbé e fún yín láàárín ìṣẹ́jú méjì ti dín in sílẹ̀ tẹ́lẹ̀; ẹ máa mọ̀ ọ́n lára epo tó rin ìwé.

Mofongo yàtọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú díndín ni wọ́n gún pẹ̀lú áyù nínú odó kékeré tí wọ́n ń pè ní pilón. Ẹni tó bá rò pé fùfú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ò ní yé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: ó gbẹ, ó sì le ju fùfú lọ, nítorí náà ẹ bèèrè ọbẹ̀ sí i, caldo. Pasteles ni ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ kọjá lóṣù Kejìlá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dúdú àti yautía tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń tà á, ó sì yẹ kí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú Kérésì.

Botánica: ibi tó máa ya Yorùbá lẹ́nu

Botánica àwọn Boricua àti ará Kúbà, ìyẹn ìsọ̀ ewé, àbẹ́là àti ohun èlò ẹ̀sìn, ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kódà bí ẹ ò bá ní ra nǹkan kan. Orúkọ tí ẹ óò kà lára àbẹ́là ni Changó, Yemayá, Ochún, Ogún, Obatalá, Eleguá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló gbin ẹ̀sìn náà síbẹ̀, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ibẹ̀ ló ti dé Amẹ́ríkà. Eleguá, orí sìmẹ́ǹtì kan ni, owó ẹyọ ni wọ́n fi ṣe ojú àti ẹnu rẹ̀. Cascarilla, ẹfun funfun tí wọ́n fi èèpo ẹyin ṣe, ló dúró fún ẹfun wa. Obí lẹ́nu wọn, àgbọn ni, nítorí obì gidi kò wọ́pọ̀ ní Kúbà. Manteca de corojo, epo pupa ló sábà máa ń wà nínú ike rẹ̀ lónìí. Manteca yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ o. Àbẹ́là inú gíláàsì tí wọ́n ní ó máa jó fún ọjọ́ méje, ẹ gbé e sínú àwo, kí ẹ sì fi èékánná kan gíláàsì náà kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ti sán máa là nígbà tó bá gbóná.

Ti ará Mẹ́síkò, lórí 26th, yerbería ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Níbẹ̀, San Judas Tadeo àti Santa Muerte ló gba àtẹ, ewé gbígbẹ sì pọ̀ ju àbẹ́là lọ: manzanilla fún inú rírun, ruda, estafiate. Ẹni tó ń wá Ọ̀ṣun lọ síbẹ̀ ṣìnà.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ má rà níbikíbi. Azogue ni mákíúrì, ooru rẹ̀ nínú ilé jẹ́ májèlé. Greta àti azarcón, ìyẹ̀fun tí wọ́n máa ń fún ọmọ tí inú ń run, òjé ló wà nínú wọn. Ìkòkò amọ̀ tó ń dán, tí kò ní àkọlé sin plomo, ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ má fi se ọbẹ̀.

Aṣọ quinceañera

Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15, ayẹyẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò lè ju ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn lọ, 26th Street sì ni ibùdó aṣọ rẹ̀. Ẹni tó ń wá aṣọ ìyàwó tàbí ti ọjọ́ ìbí ńlá lè rí èyí tó gbayì níbẹ̀ ní owó tó dín sí ti àárín ìlú. Ẹ bèèrè ohun tí owó náà kó sínú: crinolina, ìyẹn agbọ̀n abẹ́ yẹ̀rì tó ń jẹ́ kó fẹ̀, adé, àtúnrán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Owó àsansílẹ̀ kì í sábà padà, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà aṣọ, àwọ̀ àti ọjọ́ tó máa jáde. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni kí ẹ ti lọ, kí ẹ sì fi wíwọn ìkẹyìn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, torí ọmọ ọdún 15 ṣì ń dàgbà. Aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, damas, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ rà á: bí àṣìṣe aṣọ ẹbí náà ló ṣe rí, ìgbà kejì, pupa ò ní bá pupa mu.

Búrẹ́dì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú panadería, ìyẹn ìsọ̀ búrẹ́dì, ẹ mú tíréè àti ẹ̀mú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fúnra yín mú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e dé iwájú owó. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Concha dùn láàárọ̀, bolillo ti máa ń le bó bá di ọjọ́ kejì. Pan de muerto ń jáde ní ìparí oṣù kẹwàá, rosca de reyes ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní.

Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù, àti owó

Àkọlé Sípáníìṣì kò túmọ̀ sí pé Látínò ló ni ibẹ̀. Àwọn ilé ìtajà ńlá kan wà tí orúkọ wọn dún bí ti Mẹ́síkò tí ẹlòmíràn sì ni wọ́n. Ẹ wo ìwé àṣẹ ìjọba ìlú tó yẹ kó wà lára ògiri, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ lè tọ́ka. Ẹ tún lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó bóyá òwò ẹbí ni: «¿Es negocio familiar?» Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kíá ló máa tọ́ka sí ìyá tó wà ní kíṣìnì.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, $1 àti $5. Àwọn tó ń ta àgbàdo elote lórí kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ rí $100, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kan sì ní iye tí ọjà yín gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó gba káàdì. Níbi tí agbáwo bá ti gbé oúnjẹ wá bá yín, tíìpù 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lára kẹ̀kẹ́, dọ́là kan tó.

Ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹ lọ rajà wà. Nítòsí 16 oṣù kẹsàn-án, tí Mẹ́síkò ń ṣe ayẹyẹ òmìnira, ìwọ́de ló ń gba 26th Street, mọ́tò kì í rìn. Ní oṣù kẹfà, tàwọn Boricua ń gba Division bákan náà, bọ́ọ̀sì 70 sì ń yà sí ibòmíràn. Bí ijó lẹ bá ń lọ wò, ẹ tètè dé. Bí bọ́kọ̀tọ̀ ni, ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárọ̀.